Ìdánwò Kù Sí Dẹ̀dẹ̀: Bí A Ṣe Ń Lo Ìwọ̀nba Ọjọ́ Tó Kù

Ètò ẹ̀kọ́ wa tún ti dé. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí kan àwọn ọmọ SS3 gbọ̀ngbọ̀n, ó kan òbí wọn, ó sì kan gbogbo ẹni tó ń gbé ní Gowon Estate àti agbègbè Alímòṣọ́ lápapọ̀, láti Ẹgbẹ́dá dé Ìkọ̀tún, láti Ìpájà dé Ìgàndò. Àsìkò ìdánwò àṣekágbá ti wọlé. Ọmọ tó ti ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé, "Màá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé ní Mọ́ńdè," ti wá rí i báyìí pé Mọ́ńdè tó kù nílẹ̀ kò pọ̀ mọ́.

Kò sí ilé tí kò mọ àmì àsìkò yìí. Ọmọ tí wọ́n máa ń jí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dìde ti di ẹni tí kì í sùn mọ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tútù wà lábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ méjèèjì wà nínú omi, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù kò ní í tòògbé. Obì gbànja wà lápò, kọfí wà nínú kọ́ọ̀bù, ìwé mẹ́rin ló ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. TDB ni ẹ̀yin ọmọ ń pè é, ìyẹn kíkàwé di àfẹ̀mọ́júmọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tán, ojú á pọ́n, orí á wú, ohun tó kà lóru kò sì ní í tó ìdajì ohun tó rò pé òun kà.

N kò wá bá yín wí lórí rédíò. Ẹni tí ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan, ìbáwí kò lè dá oṣù tó ti lọ padà fún un. Kẹ́ ẹ sì má ṣe rò pé ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọjọ́ tó kù ṣì wúlò, bí a bá mọ bí a ti ń lò ó. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: nínú ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù, ohun tí o bá ń fà jáde láti inú orí rẹ ni yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ ju ohun tí o ń rọ́ sínú rẹ̀ lọ, oorun sì wà lára iṣẹ́ ìwé kíkà. Gbogbo ohun tí mo bá sọ lẹ́yìn èyí, àlàyé rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká gba Abẹ́òkúta lọ ná. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà ọpọlọ kan tó jẹ́ ará Kánádà, Raymond Prince, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aró. Àkókò yẹn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, wà níbẹ̀ tó ń ṣètò kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé nígbà tí wọ́n bá ń gba ìtọ́jú. Prince ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ ilé ìwé girama àti ti yunifásítì ń wá sọ́dọ̀ òun pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn kan náà. Orí ń gbóná. Ó ń ṣe wọ́n bíi pé kòkòrò ń rìn nínú agbárí. Ojú ń ṣú, omi ń dà lójú. Wọ́n á ka ojú ìwé kan títí, kò ní í yé wọn. Ohun tó sì yé wọn lánàá, wọn kò ní í rántí rẹ̀ lónìí. Ọ̀pọ̀ wọn sọ pé ìgbà tí ìdánwò ń bọ̀, tí àwọn ń kàwé kíkankíkan, ló bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pe àìsàn náà ni "brain fag", orúkọ yẹn náà sì ni Prince gbé jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà lọ́dún 1960.

Kí ló fà á? Prince rò pé ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ òyìnbó ni kò bá ìwà àwọn ọmọ wa mu. Èrò yẹn kò tẹ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn, kò sì yà mí lẹ́nu. Lọ́dún 1980, onímọ̀ ìtọ́jú ọpọlọ kan ní yunifásítì Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mórákínyọ̀, mú àlàyé mìíràn wá. Ó ní kí á wo ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ń ṣe kí orí wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná: wọn kì í sùn, wọ́n sì ń lo oríṣiríṣi ohun tó ń lé oorun lọ. Ẹ̀rù ìdánwò ń lé wọn, wọ́n ń gé oorun kù, ara ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ń fi ohun arùsókè pa á lẹ́nu mọ́, ọpọlọ sì dìtẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àti obì kì í ṣe tuntun. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ brain fag sílẹ̀ nípa àwọn ọmọ ilẹ̀ wa níbí. Àwọn tí Prince tọ́jú kì í ṣe ọ̀lẹ, olóríburúkú sì kọ́ ni wọ́n. Àwọn tó ń sapá jù lọ ni. Ọ̀nà tí wọ́n gbà sapá ló kó wọn sí wàhálà.

Nísinsìnyí, báwo ni orí ṣe ń pa nǹkan mọ́, báwo ló sì ṣe ń jó o dànù? Ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, ló kọ́kọ́ jókòó wọn ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ara rẹ̀ ló fi dánwò. Ó há àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú, lẹ́yìn wákàtí, lẹ́yìn ọjọ́, bóyá wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Lọ́dún 1885 ó tẹ èsì rẹ̀ jáde: láàárín wákàtí kan péré, ohun tó lé ní ìdajì ti lọ. Àmọ́ tí ó bá tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ìgbàgbé náà á máa falẹ̀ sí i. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé wákàtí mẹ́ta lórí ẹ̀kọ́ kan lálẹ́ ọjọ́ kan kò tó wákàtí kọ̀ọ̀kan fún alẹ́ mẹ́ta.

Ìyẹn kan ìgbà tí ó yẹ ká kà á. Ọ̀nà tí a ń gbà kà á ńkọ́? Lọ́dún 2006, àwọn olùwádìí méjì ní yunifásítì Washington tó wà ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà láti kà. Ọ̀nà kan ni pé kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì tún un kà. Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n pa á dé, kí wọ́n wá kọ gbogbo ohun tí wọ́n rántí sórí bébà tó ṣófo. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àkàtúnkà ló borí: wọ́n rántí nǹkan bí 81 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó pa ìwé dé sì rántí 75. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ọ̀rọ̀ ti yí padà bìrí. Àwọn tó pa ìwé dé rántí 68, àwọn tó tún un kà rántí 54. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó di 56 sí 42.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, nítorí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Bí ìdánwò bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣí ìwé rẹ. Bí ó bá ku ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pa á dé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń ṣe ni pé wọ́n ń fi ọgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún kàwé fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Kí ló dé tí àkàtúnkà fi ń tan èèyàn? Ìgbà kẹta tí o bá ka ojú ìwé kan, gbogbo rẹ̀ á dùn mọ́ ojú, wàá sọ lọ́kàn ara rẹ pé, "Mo ti mọ èyí." O dà bí ẹni tó ń pàdé aládùúgbò kan lórí àtẹ̀gùn ilé lójoojúmọ́, tó ń kí i, tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kó pe orúkọ rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. WAEC kì í bi wá pé ṣé a dá ojú mọ̀. Orúkọ ló ń bi wá.

Àwọn baba wa mọ èyí kí òyìnbó tó wọ̀n ọ́n. Ẹ wo ọmọ ilé kéwú pẹ̀lú wàláà rẹ̀. Áfà kì í bi í pé ìgbà mélòó ló kà á. Á ní kó dúró, kó kà á jáde láìwo wàláà, ibi tó bá ti kọsẹ̀ ni wọn á ti dá a padà. Ẹ wo ọmọ awo. Ojú odù mẹ́rìndínlógún, àpapọ̀ odù 256, kò sí ìwé, kò sí bírò. Ẹnu ló fi ń kì í fún ọ̀gá rẹ̀, ọdún dé, ọdún lọ. Àwọn àgbà ní ìsọ̀yè tí wọ́n ń lò fún un, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ pé babaláwo kankan fún ọmọ awo ní ìsọ̀yè tán, kó wá ní kó má kì Ifá fún òun gbọ́ mọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é pa pọ̀, kí ó má di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìwọ tí ò ń ṣe Government, mú ìwé rẹ. Orí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kà ni ìwé òfin Clifford ti ọdún 1922. Fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kà á, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Pa á dé. Gbé e sí orí àga mìíràn, kí ọwọ́ rẹ má baà máa yọ́ lọ síbẹ̀. Mú bébà tó ṣófo àti bírò búlúù. Kọ "Clifford, 1922" sí òkè rẹ̀, kí o wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ léèrè. Kí ló mú wá tí kò sí tẹ́lẹ̀? Ìdìbò. Níbo ni wọ́n ti dìbò? Ní Èkó... àti ibì kan. Ibo ni ibì kan yẹn? Kò wá sọ́kàn. Fi àyè sílẹ̀. Àga mélòó ni Èkó ní? O ò rántí. Fi àyè sílẹ̀. Má ṣí ìwé. Jẹ́ kí orí rẹ jìjàkadì fún ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta. Ìjàkadì yẹn ni iṣẹ́ náà. Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò? Kí ni àléébù òfin náà? Ẹgbẹ́ òṣèlú wo ló tìdí rẹ̀ yọ?

Nígbà tí o bá ti kọ gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ tán, wá ṣí ìwé, kí o fi bírò pupa dí àwọn àyè náà. Calabar ni ibì kejì. Èkó ní àga mẹ́ta, Calabar ní ẹyọ kan. Ìgbìmọ̀ aṣòfin náà ní ọmọ ẹgbẹ́ 46, mẹ́rin péré ni wọ́n dìbò yàn nínú wọn. Ọkùnrin tó ń rí tó ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́dún nìkan ló lè dìbò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí obìnrin kankan níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà kò lè ṣòfin fún ìhà Àríwá. Lọ́dún 1923, Herbert Macaulay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀, wọ́n sì kó àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ ti Èkó.

Wo bébà rẹ. Ohun tó wà ní búlúù, o mọ̀ ọ́n. Ohun tó wà ní pupa, òun ni iṣẹ́ ọ̀la. Lálẹ́ ọ̀la, kí o tó fọwọ́ kan ìwé, mú bébà mìíràn tó ṣófo, kí o tún bi ara rẹ ní ìbéèrè kan náà. Wàá rí i pé pupa á dín kù. Gbogbo rẹ̀ kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ìbéèrè kì í jẹ́ kí ẹni ó ṣìnà. Ti ìdánwò tún yàtọ̀ ní ti pé ìwọ fúnra rẹ ni o ń bi ara rẹ.

Ìbéèrè tó kàn ni pé: ẹ̀kọ́ pọ̀ bí iyanrìn, èwo ni kí n mú, èwo ni kí n fi sílẹ̀? Mú sílábọ́ọ̀sì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí o pín orí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí mẹ́ta: èyí tí o mọ̀ dáadáa, èyí tí o mọ̀ díẹ̀díẹ̀, èyí tí o kò mọ̀ rárá. Àṣìṣe tí àwọn ọmọ ń ṣe ni pé ẹ̀rù á mú wọn sáré lọ bá èyí tí wọn kò mọ̀ rárá, tàbí kí ìtura mú wọn jókòó ti èyí tí wọ́n ti mọ̀, nítorí ó ń dùn mọ́ wọn. Nígbà tí àkókò bá kúrú, àárín ni èrè wà. Orí ọ̀rọ̀ tí o mọ ìdajì rẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú lè sọ ọ́ di tìrẹ. Èyí tí o kò fojú kàn rí láti SS1, ó lè jẹ odidi ọjọ́ méjì, kó má sì fún ọ ní nǹkan kan.

Mọ bí ìwé ìbéèrè ṣe rí kí o tó wọ gbọ̀ngàn pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ máàkì ń ṣègbé nítorí ọmọ kò mọ bí wọ́n ṣe pín in. Nínú English ti WAEC, àròkọ kan ṣoṣo ni wàá kọ nínú márùn-ún, kò gbọdọ̀ dín ní 450 ọ̀rọ̀, máàkì rẹ̀ jẹ́ 50. Àyọkà ní 20, ìkékúrú ní 30. Ọmọ tó bá fi wákàtí kan àti ààbọ̀ ṣe àròkọ aláràbarà, tó wá sáré ṣe ìkékúrú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta máàkì 30 dànù. Nínú ìkékúrú náà, ẹni tó bá da gbólóhùn inú àyọkà kọ wúruwùru, wọ́n á gé máàkì rẹ̀. Nínú Mathematics, ìwé kejì ní apá méjì. Apá àkọ́kọ́ ní ìbéèrè márùn-ún tó pọn dandan, máàkì 40. Apá kejì ní ìbéèrè mẹ́jọ, márùn-ún ni wàá yàn, máàkì 12 ni fún ìkọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, nígbà tí o bá ń fi ìbéèrè ọdún àtijọ́ dánra wò, gbé aago síwájú. Ṣe apá kan tán ní iye àkókò tí wọ́n fún un, kí o tó wo ìdáhùn. Ìbéèrè tí a ń kà pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣe ìdánrawò. Ìtàn ni.

Ó kan ọ̀rọ̀ alẹ́. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ nípa oorun ṣe wí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á rẹ́rìn-ín bó ti ń gbọ́ mi. Bí mẹ́jọ kò bá ṣeé ṣe ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, má jẹ́ kó dín ní mẹ́fà, pàápàá ní alẹ́ tí ìdánwò ku ọ̀la. Ìgbà tí a bá sùn ni ọpọlọ ń to ohun tí a kọ́ lójú mọmọ sí ipò rẹ̀. Ẹni tó kàwé mọ́jú tí kò sùn ti kó ọjà dé, kò rí ẹni tó máa tò ó sórí igbá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Obì àti kọfí ńkọ́? Káfíìnì ló wà nínú àwọn méjèèjì, òun náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ ohun mímu inú agolo tí wọ́n ń tà pé ó ń fúnni lágbára. Ìdajì rẹ̀ ṣì máa wà lára lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Ẹni tó mu ún ní agogo mẹ́wàá alẹ́, tó dùbúlẹ̀ ní agogo méjì òru, ara rẹ̀ wà lórí ibùsùn, ọpọlọ rẹ̀ ṣì wà lójúfò. Bí o bá máa mu kọfí, jẹ́ kó jẹ́ ọ̀sán. Ní ti oògùn tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ láti ọjà, tramadol àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, n kò ní àlàyé púpọ̀ láti ṣe: kò sí bí ó ṣe ń ran ìwé kíkà lọ́wọ́, ó sì ń sọni di ẹrú.

Iná NEPA tún jẹ́ ọ̀rọ̀ tiwa. Nígbà tí wọ́n bá mú un lọ, jẹnẹrétọ̀ kéékèèké á gba gbogbo àdúgbò kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ má gbé e sí kọ́rídọ̀, ẹ má gbé e sí báńkóónì, ẹ má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá tí ọmọ ti ń kàwé. Carbon monoxide tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Orí fífọ́ àti oorun àsùnwọra ni àmì rẹ̀, ọmọ tó ń kàwé lóru á sì rò pé ó kàn rẹ òun ni. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè lọ́dún 2023, ọ̀pọ̀ ilé kò lè tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àǹfààní wà níbẹ̀. Fi iṣẹ́ tó nílò iná púpọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, fi bíbi ara ẹni léèrè sí ìgbà tí iná bá lọ. Bébà tó ṣófo àti iná tọ́ọ̀ṣì kékeré ti tó. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ nílò bébà: ẹ̀yin méjì lè jókòó níwájú ilé, kí ọ̀kan máa béèrè, kí ìkejì máa dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2025 kún un, nítorí àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n yín wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún náà, ìwé ìbéèrè English pẹ́ kó tó dé ọ̀pọ̀ ibùdó ìdánwò. Ilẹ̀ ṣú, àwọn ọmọ kan sì kọ ọ́ pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì àti ti fóònù. WAEC tọrọ àforíjì, wọ́n ní bí àwọn ṣe ń gbìyànjú kí ìbéèrè má jò síta ló fà á. Ẹ rò ó wò: ọmọ tí kò sùn lóru ọjọ́ tó ṣáájú, tó wá ń kọ àròkọ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹni tó ti sùn dáadáa nìkan ni irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní í wó lulẹ̀.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ìbéèrè lóríṣiríṣi fún àwọn ọmọ nínú English, Mathematics, Biology àti Economics, kí ìbéèrè ẹni má baà bá ti ẹni tó jókòó tì í mu. Ètò tuntun yẹn kọ́kọ́ da WAEC láàmú. Èsì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde fi hàn pé 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ní kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú English àti Mathematics. Nígbà tí wọ́n rí i pé àṣìṣe wà nínú ìdáhùn tí wọ́n fi máàkì àwọn ọmọ kan, wọ́n tún un ṣe, ó sì di 62.96. Àwọn tó gbójú lé ọrùn nínà wo ìwé ẹlòmíràn, ètò náà kò ṣàánú wọn. Bákan náà ni àwọn tó ń fi owó ra "expo" lórí fóònù ní òru: wákàtí mẹ́rin tí wọ́n fi ń dúró de ìdáhùn tí kò dé, ì bá ti sọ orí ọ̀rọ̀ mẹ́fà di tiwọn.

Ẹ̀yin òbí, ó kàn yín. Ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ nílò ní ọ̀sẹ̀ yìí kò ju mẹ́ta lọ. Ẹ bá a dín iṣẹ́ ilé kù: ẹlòmíràn lè lọ pọnmi, ẹlòmíràn lè bá yín jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá alẹ́, kẹ́ ẹ sì fún un padà láàárọ̀, láìjà. Ìkẹta, ẹ máa bi í ní ìbéèrè. Kò dìgbà tí ẹ bá lọ sí yunifásítì. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ ní, "Ó yá, sọ fún mi, kí ló wà nínú rẹ̀?" Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ lè ṣe é bó ti ń já ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Bí ọmọ bá lè ṣàlàyé osmosis ní Yorùbá fún ìyá rẹ̀ títí tó fi yé e, ọmọ yẹn ti mọ osmosis. Ẹ sì má fi ọmọ aládùúgbò ṣe àpẹẹrẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ̀rù tó ń bà á ti tó.

Orúkọ tí a fi ń pe àdúgbò wa, Gowon Estate, tún kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ṣe olórí orílẹ̀-èdè yìí láti 1966 di 1975. Nígbà tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti pé ogójì ọdún. Ó lọ jókòó ní yunifásítì Warwick nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi ti akẹ́kọ̀ọ́ yòókù, ó kàwé náà títí ó fi gba oyè ọmọwé nínú ìmọ̀ òṣèlú. Mo sọ èyí fún ọmọ tí àyà rẹ̀ ń já pé bí òun bá kùnà lọ́dún yìí, ayé òun ti parí. Kò parí. NECO wà, WAEC ti aládàáni wà, ọdún tó ń bọ̀ wà. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò ló kù. Jẹ nǹkan kó o tó jáde, má jẹ́ kó wúwo jù. Yẹ bírò, ruler àti káàdì rẹ wò láti alẹ́ àná. Tètè kúrò nílé, nítorí ọ̀nà Ẹgbẹ́dá kò bá ẹnikẹ́ni ṣe ọ̀rẹ́ láàárọ̀. Nígbà tí o bá dé ibẹ̀, má dúró ti àwọn tó ń bi ara wọn pé, "Ṣé o ka èyí? Ṣé o ka ìyẹn?" Mú bébà rẹ tí o fi bírò pupa kọ nǹkan sí, kí o fojú wò ó. Ìṣẹ́jú márùn-ún rèé o. Nísinsìnyí ni àkàtúnkà wúlò. Nígbà tí wọ́n bá fún ọ ní ìbéèrè, kà á tán látòkè délẹ̀ kí o tó kọ ohunkóhun, kí o sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó dá ọ lójú jù.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lálẹ́ òní kò le. Bí ètò yìí bá ti parí, pa rédíò, mú orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí o mọ ìdajì rẹ̀, ṣe é bí a ti ṣe Clifford: kà á, pa á dé, kọ ọ́, fi pupa dí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ sùn. Lọ́la, ṣe méjì. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kọ lẹ́tà àti àròkọ nínú ìdánwò èdè Yorùbá. Títí dìgbà náà, Ọlọ́run á fi òye yé yín, ẹ ó yege.